Jerry Lawson àti Channel F: ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn kátíríìjì géèmù bó ṣe rí gan-an

Àrẹ̀mú_Onígéèmù kọ:

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Lánàá ni ẹnìkan gbé fọ́tò Jerry Lawson síbí, ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ni "ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó dá géèmù fídíò sílẹ̀". Kò pẹ́ rárá tí àwọn kan fi dé pé irọ́ ni, pé òyìnbó ló dá géèmù sílẹ̀, ni ọ̀rọ̀ bá di fà-á-kí-n-fà-á. Mo ka gbogbo rẹ̀ tán, ó dùn mí, torí nínú gbogbo ariwo yẹn, kò sẹ́ni tó sọ iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ṣe. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, kí ẹ bá mi fi tiyín kún un.

Ẹ̀rọ géèmù ilé tí à ń sọ ni Fairchild Channel F. Oṣù kọkànlá 1976 ló jáde ní Amẹ́ríkà, dọ́là 169.95 ni owó rẹ̀. Fairchild kì í ṣe ilé-iṣẹ́ géèmù o. Chip, àwọn ègé kékeré tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà àti rédíò, ni wọ́n ń ṣe, ní Califọ́níà, ní agbègbè tí gbogbo ayé ń pè ní Silicon Valley báyìí. Kí Channel F tó dé, géèmù tí wọ́n bá kọ́ mọ́ inú ẹ̀rọ láti ilé-iṣẹ́ ni wàá máa fi ṣeré títí ẹ̀rọ á fi bàjẹ́. Tó bá jẹ́ tẹ́níìsì ni, tẹ́níìsì náà ni lọ́la, òun náà ni lọ́túnla. Home Pong tí Atari ṣe, tí Sears tà ní Kérésìmesì 1975, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Àwọn kan á ní Odyssey, ẹ̀rọ géèmù ilé tí Magnavox gbé jáde ní 1972 ṣáájú ní káàdì tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ kò sí géèmù kankan lórí káàdì yẹn. Ìlà tó ń gbé iná láti ẹsẹ̀ irin kan dé ẹsẹ̀ irin kejì ló wà níbẹ̀. Inú ẹ̀rọ ni gbogbo géèmù wà tẹ́lẹ̀, káàdì kàn ń yan èyí tó máa ṣiṣẹ́ ni. Channel F ni ẹ̀rọ ilé àkọ́kọ́ tí géèmù fúnra rẹ̀ wà lórí chip nínú kátíríìjì, ìyẹn àpótí kékeré tí a ń kì bọ ẹ̀rọ tí a sì ń yọ, tí microprocessor, chip tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ, sì ń kà á. Kì ọ̀kan bọ̀ ọ́, ó di ìjà ọkọ̀ òfuurufú. Yọ ọ́, fi òmíràn sí i, ó di ìṣirò fún ọmọdé. Atari 2600, Nintendo, Sega, ọ̀nà yìí náà ni gbogbo wọn gbà wọlé.

Lawson sì ni olórí àwọn ẹnjiníà tó ṣe é.

Bísí_Queens fèsì:

Àrẹ̀mú, o ṣé gan-an ni. Queens ní New York ni mo ń gbé, ibẹ̀ náà ni Lawson ti dàgbà, torí náà jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ìgbà èwe rẹ̀ wá.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1940 ni wọ́n bí i. Iṣẹ́ èbúté ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ràn ìwé sáyẹ́ǹsì ni. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ọmọ ṣeré: ó ń lọ yẹ ilé-ìwé wò, ó ń bi àwọn tíṣà ní ìbéèrè, bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn á mú ọmọ rẹ̀ lọ sí òmíràn. Lawson sọ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan ní 2009 pé tíṣà òun ní kíláàsì kìíní fi àwòrán George Washington Carver, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì aláwọ̀ dúdú, sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí òun ń jókòó, ó ní Lawson náà lè dà bẹ́ẹ̀.

Ọmọdé ni nígbà tó gba láísẹ́ǹsì rédíò, tó fọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀rọ tó fi ń bá àwọn ènìyàn ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀ láti inú yàrá rẹ̀. Nígbà tó bàlágà, ilé dé ilé ló ń lọ bá àwọn ènìyàn tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ó wọ Queens College, ó wọ City College of New York, kò gba oyè jáde nínú méjèèjì. Ní 1970 ó dé Fairchild. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni kó máa lọ bá àwọn oníbàárà tó ra chip, kó fi bí wọ́n ṣe máa lò ó hàn wọ́n.

Bó ṣe dé ìdí géèmù ni kó o gbọ́. Nínú gáràjì ilé rẹ̀ ló ti kọ́ Demolition Derby, ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń sọ owó ẹyọ sí, microprocessor Fairchild ló sì lò. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́, wọ́n ní kó wá ṣe irú ẹ̀ fún àwọn.

Ó tún wà nínú Homebrew Computer Club, ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ kọ̀ǹpútà tí Steve Jobs àti Steve Wozniak, àwọn tó dá Apple sílẹ̀, ń wá. Aláwọ̀ dúdú méjì ló wà níbẹ̀, òun ni ọ̀kan.

Bàbá_Atúnrédíòṣe fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe láti ilé dé ilé yẹn wọ̀ mí lára, iṣẹ́ tí mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí kátíríìjì ti le, fún ẹni tí kò tú u wò rí.

Bí ẹ bá tú u, bọ́ọ̀dù kékeré kan lẹ máa bá níbẹ̀, chip kan lórí rẹ̀. Ní etí bọ́ọ̀dù yẹn, wọ́n to ìlà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lẹ́sẹẹsẹ, ìkọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ kan ẹsẹ̀ tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá kọ̀ tí kò kàn án, àwòrán á dàrú, tàbí kí ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú kirikiri. Nígbà tí géèmù oníkátíríìjì pọ̀ nílẹ̀ yìí, àwọn ọmọ á gbé e wá bá mi, wọ́n á ní ó ti kú. Kò kú. Òógùn ọwọ́ àti èérí ló bo bàbà. Rọ́bà tí ọmọ ilé-ìwé fi ń pa nǹkan rẹ́ ni mo fi ń ha á, díẹ̀díẹ̀, kó má bàa bó, títí bàbà á fi máa dán. Màá fi spírítì nù ún, màá jẹ́ kó gbẹ, màá kì í padà. Ẹ ó rí i, géèmù á yọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wá gbé e wo ní 1976. Chip tí a mọ̀ nígbà yẹn, wọ́n á jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, ó parí, kò tún sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án mọ́ àfi àwa tí à ń tún un ṣe. Àwọn wọ̀nyí wá fẹ́ fi lé ọmọ kékeré lọ́wọ́ pé kó máa yọ ọ́, kó máa kì í, lójoojúmọ́. Ọmọ tó ti fẹsẹ̀ wọ́ kápẹ́ẹ̀tì kiri nínú otútù, iná wà lára rẹ̀, ìka kan ṣoṣo tó bá fi kan ẹsẹ̀ chip lè pa chip náà. Lawson sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ẹ̀rù yẹn bà wọ́n: kò sí àkọsílẹ̀ kankan tí wọ́n lè gbé lé, tó sọ ohun tí kíkì àti yíyọ léraléra máa ṣe.

Èyí tó tún le ni ti FCC, àjọ tó ń ṣọ́ rédíò ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ oní-microprocessor máa ń da rédíò àti tẹlifíṣọ̀n láàmú, àjọ yẹn kò sì gbàgbàkugbà. Wọ́n ní láti fi irin bo bọ́ọ̀dù, wọ́n tún fi irin ṣe ihò tí kátíríìjì ń gbà wọlé kí ìtànṣán má bàa jò jáde. Kátíríìjì tuntun kọ̀ọ̀kan náà gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ẹni tó bá ti fi etí rédíò gbọ́ ariwo tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ máa ń pa á mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Káyọ̀dé77 fèsì:

Bàbá, ẹ kú ìrírí, ẹ̀mí yín á gùn. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ni mo gbà. Ṣùgbọ́n orúkọ méjì wà tí wọn kì í fẹ́ dá nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní jẹ́ kó kọjá: Wallace Kirschner àti Lawrence Haskel.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Alpex, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ló kọ́kọ́ to ẹ̀rọ kan jọ, Intel 8080 ni ọpọlọ rẹ̀, tó lè gbé oríṣiríṣi géèmù sójú tẹlifíṣọ̀n, tí ibi tí géèmù wà sì ṣe é yọ. Wọ́n gbé e kiri ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n, kò sẹ́ni tó rà á, kó tó kan Fairchild. Fairchild gbàṣẹ lọ́wọ́ Alpex kí ẹnikẹ́ni tó gbé nǹkan kan sọ́jà. Páténtì, ìwé ẹ̀tọ́ ẹni tó dá nǹkan sílẹ̀, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1977, orúkọ Kirschner àti Haskel ló wà lórí rẹ̀. Kò sí ti Lawson níbẹ̀.

Páténtì yẹn náà ni Alpex gbé lọ bá Nintendo ní kóòtù. Ní 1994 ìgbìmọ̀ adájọ́ ní kí Nintendo san owó tó lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là. Nintendo pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kóòtù gíga sì dá wọn láre ní 1996, torí ọ̀nà tí NES, ẹ̀rọ géèmù Nintendo, fi ń ya àwòrán yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú páténtì.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní Lawson ló ronú kan kátíríìjì, ó ti fi ẹ̀tọ́ ẹlòmíì fún un. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin náà, ìdí tí mi ò fi fẹ́ kí wọ́n fi ohun tí kò ṣe kún tirẹ̀ nìyẹn.

Bísí_Queens fèsì:

Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, ẹ ò purọ́ níbì kankan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni ìgbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ iṣẹ́ Lawson wò fínnífínní báyìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá ń sọ ìtàn géèmù á dárúkọ Ralph Baer tó ṣe Odyssey, á dárúkọ Nolan Bushnell ti Atari, á fo Channel F kọjá bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó pariwo pé Kirschner àti Haskel kò sí níbẹ̀ nígbà náà. Ọjọ́ tí orúkọ aláwọ̀ dúdú jáde ni gbogbo ènìyàn wá ń wá ìwé páténtì. Mi ò sọ pé tiyín nìyẹn o, mo mọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká ti ibi àsọdùn bọ́ sí ibi pé ó kàn jẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún.

Àrẹ̀mú_Onígéèmù fèsì:

Àǹtí Bísí, ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, ìdí tí mo fi fẹ́ ká lọ wo inú iṣẹ́ náà nìyẹn.

Ohun tó wà lọ́wọ́ Alpex, orí tábìlì iṣẹ́ ló lè wà. 8080 wọ́n nígbà yẹn, kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n sì fi ń darí géèmù. Ìyá kankan ò ní gbé irú ẹ̀ sí pálọ̀. Lawson lọ wò ó, ó rí i pé ohun tó wà nínú rẹ̀ dára, ó wá yọ 8080 kúrò, ó fi F8, microprocessor tí Fairchild ń ṣe, rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe pé kèèyàn kàn yọ chip kan kó fi òmíràn sí i lásán o. Ètò tí wọ́n kọ fún 8080 kò lè ṣiṣẹ́ lórí F8, bọ́ọ̀dù náà kò lè rí bákan náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé wọ́n tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nínú àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, Ron Smith ló mú ọ̀rọ̀ bí kátíríìjì ṣe máa wọlé tó sì máa jáde láìfọ́, Nick Talesfore ló ya ìrísí àpótí àti kátíríìjì. Àwọ̀ yẹlò ni kátíríìjì náà, ó tóbi, ó jọ kásẹ́ẹ̀tì 8-track tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbọ́ nínú mọ́tò láyé ọjọ́un. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ojú aráàlú lè mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó ra á. Ihò tó ń gbà wọlé ní ilẹ̀kùn oní-sípíríìnì tó ń padé fúnra rẹ̀, kí ìka ọmọdé má bàa débi ẹsẹ̀ ẹ̀rọ.

Páàdì rẹ̀, ohun tí a fi ń darí géèmù, ni mo fẹ́ràn jù. Kò ní ìdí tó máa fi jókòó sílẹ̀. Ọ̀pá dúdú kan ni, wàá dì í mú nínú ìkúùkù ọwọ́ kan, wàá fi ìka ọwọ́ kejì di orí rẹ̀ tó ní igun mẹ́ta mú. Orí yẹn ń lọ síwájú, ó ń lọ sẹ́yìn, ó ń lọ sọ́tùn-ún àti sósì, wàá sì tún lè yí i, wàá lè tẹ̀ ẹ́ wọlé, wàá lè fà á jáde. Nínú Hockey tó wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, bó o bá ń yí i, igi tí gólì tàbí agbábọ́ọ̀lù rẹ fi ń gbá á ń yí lójú tẹlifíṣọ̀n.

Bọ́tìnnì kan tún wà lójú àpótí tó ń jẹ́ HOLD. Tẹ̀ ẹ́, géèmù á dúró síbi tó wà, wàá lọ jẹun, wàá padà wá bá a. Wàá tún lè yí ìyára géèmù padà ní àárín kan náà. Gbogbo ọmọ tó ń tẹ pause lónìí, ẹ̀rọ yìí ló kọ́kọ́ gbé e wọ ilé.

Ẹ bá mi fi méjèèjì papọ̀. Kirschner àti Haskel rí i pé ó ṣe é ṣe. Lawson àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ sọ ọ́ di ohun tí ọmọ lè dá lò láìsí àgbà nítòsí. Lójú tèmi, apá kejì yìí ló yí ayé géèmù padà, torí ohun tó wà lórí tábìlì Alpex kì bá tí jáde láéláé.

Olúmidé_Kóòdù fèsì:

Iṣẹ́ kóòdù ni mo ń ṣe, mo sì ti kọ ètò kékeré fún Channel F àti Atari 2600, torí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé inú wọn.

Channel F ní mẹ́mọ̀rì 2 KB (byte ni a fi ń wọn àyè mẹ́mọ̀rì, KB kan jẹ́ byte 1,024) tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwòrán nìkan. Ó dà bíi síléètì: ohun tó o bá kọ síbẹ̀ á dúró síbẹ̀ títí wàá fi pa á rẹ́. Ojú síléètì yẹn kò tóbi, ohun tó ń hàn lójú tẹlifíṣọ̀n kò ju nǹkan bí àmì 102 ní ìbú sí 58 ní òró lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì kéré. F8 ní tirẹ̀ ní byte 64 péré tó fi ń ṣe gbogbo ìrònú rẹ̀. Kí bọ́ọ̀lù tó lè rìn, ètò á pa á rẹ́ níbi tó wà, á tún un yà sí ẹ̀gbẹ́, á tún pa á rẹ́. Bí nǹkan bá pọ̀ lójú rẹ̀, ó máa ń fà.

Atari 2600 tó tẹ̀lé e kò ní síléètì rárá. Byte 128 ni gbogbo mẹ́mọ̀rì rẹ̀. Bí iná tẹlifíṣọ̀n bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, ni ètò ń sọ fún chip tó ń jẹ́ TIA ohun tó máa yà sórí ìlà yẹn. Ó máa ń da orí ẹni tó ń kọ ọ́ rú. Ṣùgbọ́n TIA mọ agbábọ́ọ̀lù méjì, ó mọ ọta, ó ń yà wọ́n fúnra rẹ̀, ó sì máa ń sọ nígbà tí wọ́n bá kọlu ara wọn. Fún géèmù ìjà àti eré sísá, Atari yá jù ú. Fún ayò tábìlì, ìṣirò, àti yíya àwòrán, Channel F dẹrùn jù.

Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, síléètì yìí náà ló fa ẹjọ́ tí ẹ sọ. Páténtì Alpex dá lórí mẹ́mọ̀rì tó ní àyè fún gbogbo àmì ojú tẹlifíṣọ̀n. NES kò ṣe é bẹ́ẹ̀, chip àwòrán rẹ̀ ń mú nǹkan jáde ní ègé ègé láti to ìlà kọ̀ọ̀kan. Ohun tí Nintendo fi bọ́ nìyẹn.

Ṣadé_Peckham fèsì:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ní Bìrìtìkó níbí, Grandstand ni orúkọ tí wọ́n fi tà á, ẹ má wá Fairchild kiri tí ẹ bá ń wá a ní ọjà àlòkù. Ní Jámánì, SABA Videoplay ni. Ní Swídìn, Luxor ló tà á. Mo ti di páàdì yẹn mú rí, bí Àrẹ̀mú ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ ló rí gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ máa ń ro èèyàn tó bá pẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ohùn: ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ní sípíkà tirẹ̀ nínú àpótí, kì í gba inú tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀.

Ọmọ_Ọ̀ṣun fèsì:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ń kẹ́kọ̀ọ́ o. Ìbéèrè mi ni pé, tí Channel F bá ṣáájú, kí ló dé tí Atari ni gbogbo ayé mọ̀?

Àrẹ̀mú_Onígéèmù fèsì:

Ọmọ Ọ̀ṣun, ìdí pọ̀. Nígbà tí Atari gbọ́ pé ẹ̀rọ Fairchild ti dé, wọ́n mọ̀ pé àwọn gbọ́dọ̀ sáré, owó kò sì sí lọ́wọ́ wọn. Bushnell ta Atari fún ilé-iṣẹ́ Warner ní 1976 ní mílíọ̀nù 28 dọ́là, owó ìyẹn ni wọ́n fi parí 2600, tó jáde ní oṣù kẹsàn-án 1977.

Atari ní nǹkan tí Fairchild kò ní: wọ́n ti ń ṣe géèmù fún ilé ìtajà àti ibi ìgbafẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn ènìyàn mọ orúkọ géèmù wọn. Fairchild gbé Blackjack, Math Quiz, Backgammon, Baseball jáde. Ó dára, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ọmọ á torí rẹ̀ sunkún nílé. Nígbà tí Space Invaders wá dé orí Atari ní 1980, àwọn ènìyàn ń ra ẹ̀rọ torí géèmù kan ṣoṣo yẹn.

Ọkàn Fairchild kò sì sí níbẹ̀. Wọ́n ti wọ òwò aago ọwọ́ oní-nọ́ńbà, owó rẹ̀ já wálẹ̀, wọ́n pàdánù púpọ̀, géèmù wá di ẹrù. Ní 1979 ilé-iṣẹ́ Schlumberger ra Fairchild, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Zircon sì gba Channel F. Zircon ló ta Channel F System II, tí ohùn rẹ̀ ń jáde nínú tẹlifíṣọ̀n, tí páàdì rẹ̀ sì ṣe é yọ. Kátíríìjì tó ní nọ́ńbà kò ju 26 lọ kí gbogbo rẹ̀ tó parí.

Ẹ̀rọ yẹn kò pẹ́ lọ́jà, ṣùgbọ́n ohun tó mú wá kò lọ. Nígbà tí géèmù ti kúrò nínú ẹ̀rọ tó wọ inú kátíríìjì, ẹni tí kò ṣe ẹ̀rọ náà lè ṣe géèmù fún un. Ní 1979, àwọn tó ń kọ géèmù fún Atari kúrò, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ géèmù tiwọn, Activision, sílẹ̀, wọ́n ń tà fún ẹ̀rọ Atari kan náà. Gbogbo òwò ńlá yìí, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀.

Bísí_Queens fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn ọkùnrin náà. Ó kúrò ní Fairchild ní 1980, ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Videosoft, láti máa kọ nǹkan fún Atari 2600. Ọjà géèmù Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní 1983, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ náà kò ye é. Kátíríìjì tí Videosoft gbé jáde tí a mọ̀ ni Color Bar Generator. Kì í ṣe géèmù: ìlà àwọ̀ ló ń gbé sójú tẹlifíṣọ̀n kí onílé lè tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe.

Oṣù kẹta 2011 ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe géèmù, IGDA, bu ọlá fún un ní San Francisco. Àìsàn àtọ̀gbẹ ti ń bá a jà nígbà náà. Ó kú ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún kan náà, ẹni 70 ọdún. Ìwé àti iṣẹ́ rẹ̀ wà ní The Strong, mùsíọ́ọ̀mù eré ní ìlú Rochester, níbí ní ìpínlẹ̀ New York. Yunifásítì USC ní Califọ́níà ní owó ìrànwọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ, láti 2021, fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ géèmù. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní 2022 ni Google fi géèmù kékeré sójú ìwé wọn, tí ẹni tó bá fẹ́ sì lè tún un tò.

Bàbá_Atúnrédíòṣe fèsì:

Bísí, o ṣeun ọmọ mi. Color Bar Generator yẹn, ẹ̀rọ ńlá ni àwa fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn ní ṣọ́ọ̀bù, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ó fi í sínú kátíríìjì fún onílé láti ṣe é fúnra rẹ̀! Bí mo bá ní irú ẹ̀ nígbà yẹn, mi ò ní máa gbé ẹ̀rọ mi gun àtẹ̀gùn ilé oníbàárà.

Káyọ̀dé77 fèsì:

Àrẹ̀mú, mo ní àbá kan. Kí a sọ fún ẹni tó gbé fọ́tò náà wá lánàá pé kó tún ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ kọ báyìí: "Jerry Lawson, olórí àwọn ẹnjiníà tó ṣe Channel F ní 1976, ẹ̀rọ géèmù ilé àkọ́kọ́ tó ń ka géèmù láti orí chip inú kátíríìjì. Àwọn tó ṣe àwòkọ́ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Alpex ni Wallace Kirschner àti Lawrence Haskel." Kò gùn jù, kò sì sí ẹni tó lè bì í wó.

Bísí_Queens fèsì:

Mo fara mọ́ ọn. Kí ó fi Ron Smith àti Nick Talesfore kún un.

Àrẹ̀mú_Onígéèmù fèsì:

Mo ti fi ránṣẹ́ sí i, gbogbo orúkọ márààrún. Ó ní òun á tún un kọ.

Ọmọ_Ọ̀ṣun fèsì:

Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n Olúmidé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè fi géèmù Channel F ṣeré lórí kọ̀ǹpútà? Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Olúmidé_Kóòdù fèsì:

Bẹ́ẹ̀ ni, MAME, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí ẹ̀rọ géèmù àtijọ́, mọ Channel F. Fáìlì inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, Hockey àti Tennis wà nínú ìyẹn. Kó o tó bẹ̀rẹ̀, lọ síbi tí wọ́n ti ń yan bọ́tìnnì, kó o fún yíyí sọ́tùn-ún, yíyí sósì, títẹ̀ àti fífà ní kọ́kọ́rọ́ tiwọn, torí páàdì òde òní kò ní wọn.

Dodge It ni kó o kọ́kọ́ fi sí i, Videocart-16, ìyẹn kátíríìjì Channel F tó ní nọ́ńbà 16. Bọ́ọ̀lù kan á máa fò káàkiri, ìwọ á máa sá fún un. Tó bá pẹ́ díẹ̀, á di méjì, á di mẹ́ta. Lẹ́yìn náà kó o wá Pac-Man tí àwọn olùfẹ́ ẹ̀rọ yìí kọ fún un ní 2009. Tí bọ́tìnnì kan bá kọ̀ tí kò dáhùn, kọ ọ́ síbí, màá bá ẹ wò ó.